Wọ́n ní kí n wá kópa nínú ìwádìí lórí ulcerative colitis mi, ìyá ọkọ mi ní mi ò gbọdọ̀ lọ

Ìyá Oníbàtà (Bàlógùn), ọjọ́ Àìkú, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Bàtà ni mò ń tà ní Bàlógùn. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí sì ni gbogbo ayé ń pè é. Wọ́n ní kí n jáwọ́ nínú ṣúgà, mo jáwọ́. Wọ́n ní kí n mu àgbo, mo mu àgbo títí ara mi fi ń gbọ̀n. Ẹni tí ìsọ̀ wa jọ kángun síra tiẹ̀ ní aráyé ló ń bá mi jà torí pé ọjà mi ń tà. Ìgbà tí mo ṣubú nídìí ọjà ni wọ́n tó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, wọ́n ki kámẹ́rà bọ̀ mí nídìí, wọ́n sì já ẹran díẹ̀ lára ìfun mi lọ yẹ̀ wò. Wọ́n ní ulcerative colitis ni.

Mo délé, mo pe orúkọ rẹ̀, ìyá ọkọ mi gbọ́ "ulcer" níbẹ̀, wọ́n ní ṣebí ọ́sà lásán ni, àwọn náà ní in, kí n má fi ebi pa ara mi. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ là á yé wọn.

Ọ̀rọ̀ tó wá gbé mi dé ibí ni pé dókítà mi ní àwọn kan ń ṣe ìwádìí lórí àrùn yìí, ó ní mo wà lára àwọn tó yẹ kí wọ́n pè. Wọ́n fún mi ní ìwé olójú ewé 19, òyìnbó pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀, wọ́n ní kí n lọ kà á, kí n padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá ọkọ mi ní wọ́n fẹ́ fi mí ṣe eku ni. Ọkọ mi dákẹ́, ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ṣe irú rẹ̀ rí? Ẹ sì bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ìkòtún ni mò ń gbé. Láti Ìkòtún dé Bàlógùn láàárọ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí ojú mi ń rí.


Atẹ̀wé Ṣómólú, ọjọ́ Àìkú, 9:52 alẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá. Ó ti pé ọdún 14 tí èmi ti wà lẹ́nu rẹ̀, mo ṣì ń tẹ̀wé, mo ṣì ń jẹ àmàlà.

Ẹ sọ fún màmá pé ọ́sà tiwọn, inú àpò oúnjẹ ló wà, lókè. Ìfun ńlá ni tiwa. Ìdí gan-an ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa gùnkè. Ti ẹlòmíì á dúró nísàlẹ̀ níbẹ̀, ti ẹlòmíì á gba gbogbo ìfun ńlá kan. Ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó máa lé olè nínú ara ló yíjú padà tó ń na onílé. Kì í ràn, ṣúgà kọ́ ló fà á, aráyé kọ́. Àwọn tó pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí ò purọ́ mọ́ yín náà, torí jẹ̀díjẹ̀dí máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Àmọ́ jẹ̀díjẹ̀dí kì í jí èèyàn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ gan-an. Láti Ṣómólú ni mo ti ń kó ìwé tí mo bá tẹ̀ lọ fún àwọn oníbàárà ní Marina. Afárá Third Mainland fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, kò síbi tí ẹ lè yà sí lórí ẹ̀, ọ̀sà ló wà lọ́tùn-ún lósì. Ọjọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká mi mọ́bẹ̀, mo ti jẹ ẹ̀wà lọ́nà. N ò ní sọ ìyókù. Láti ọjọ́ náà, n kì í jẹun kí n tó dé ibi tí mò ń lọ. Aago mẹ́rin ni mò ń jí, kí inú ti ṣe tán pẹ̀lú mi kí n tó jáde. Ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà danfo ni mò ń jókòó, mo sì máa ń sọ fún kọ́ńdọ́ kí n tó wọlé pé inú ń yọ mí lẹ́nu o, bí mo bá ní ó wà, kó má bi mí ní ìbéèrè. Kọ́ńdọ́ tí ẹ rò pé á bú yín, òun ni yóò pariwo mọ́ dírẹ́bà pé "bàbá ò gbádùn!" Aṣọ kan, tíṣù, omi inú ike àti láílọ́ọ̀nù dúdú kì í kúrò nínú báàgì mi. Bí àìsàn náà bá gbérí, mo ń wọ páḿpásì àgbàlagbà. Mo ti tijú, ó ti tán.

Tiyín tiẹ̀ rọrùn. Ẹ wọ ọkọ̀ láti Ìkòtún dé Mile 2, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin alámì búlúù tí wọ́n ṣí ní 2023. Marina ló ń já yín sí, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn dé Bàlógùn. Kò mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Oògùn ńkọ́? Sulfasalazine lèmi ń lò, mesalazine gbówó lórí. Ìtọ̀ yín á pọ́n bí omi ọsàn, ẹ má bẹ̀rù. Ọkùnrin tó bá ṣì ń wá ọmọ, kó sọ fún dókítà, torí ó máa ń dín irúgbìn ọkùnrin kù títí wọ́n á fi pààrọ̀ ẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò padà sípò. Bí ara bá ń ro yín, ẹ má lọ ra ibuprofen tàbí diclofenac ní kẹ́mísì, ó lè jí àìsàn náà dìde. Diclofenac kan tí mo mu nítorí ẹ̀yìn dídùn, oṣù méjì ni mo fi jìyà ẹ̀.


Ọmọ Mushin, ọjọ́ Àìkú, 10:31 alẹ́

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀, ẹ ò dáhùn èyí tó le. Èmi ò ní lọ o. Ṣé a ti gbàgbé Kánò ni? Lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa ọmọdé, Pfizer kó oògùn tuntun wá, Trovan. Wọ́n fún ọmọ 100, wọ́n fún 100 mìíràn ní oògùn tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ló kú. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni, ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn sọ ọ́. Ó di 2009 kí àwọn àti ìjọba Kánò tó parí ẹ̀ sí mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ìyá ọkọ yín kì í ṣe aláìmọ̀kan.


Ìyá Káfáyá, ọjọ́ Àìkú, 10:40 alẹ́

Mo ń tẹ̀ lé yín o. Ọmọ mi ọkùnrin ni tiwa, ọdún 17.


Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, ọjọ́ Ajé, 6:08 àárọ̀

Iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀, ẹ foríjì mí bí mo bá kọ̀wé bí ẹni tó ń tòògbé.

Ọmọ Mushin, n ò ní bá yín jiyàn. Mo ti bá àwọn tó ń ṣe ìwádìí ṣiṣẹ́ rí, ọ̀rọ̀ Kánò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ wà lára ìdí tí nǹkan fi le báyìí. Ní 2007, NHREC, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ìlera, gbé ìlànà jáde tó de gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fi èèyàn ṣe ìwádìí ní orílẹ̀-èdè yìí. Bó bá jẹ́ oògùn ni wọ́n ń dán wò, NAFDAC náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìyá Oníbàtà, ẹ wá orúkọ ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i nínú ìwé yín, ẹ wá nọ́ńbà tí ẹ lè pè bí wọ́n bá ṣe yín níṣekúṣe. Kì í ṣe nọ́ńbà dókítà tó ń ṣe ìwádìí náà o, nọ́ńbà ìgbìmọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá ìwé wọn padà.

Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé irú ìwádìí wo ni. Òmíràn wà tí wọn ò ní fún yín ní oògùn kankan. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á gba ìgbẹ́, wọ́n á bi yín pé ẹ̀ẹ̀melòó lẹ lọ ṣáláńgá lánàá, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí. Èyí tí wọ́n ń pè ní trial ni wọ́n ti ń dán oògùn wò, ìpele ìpele ló sì wà. Ní ìpele kìíní, èèyàn díẹ̀ ni, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn náà ò ní ṣeni léṣe. Ní ìkejì, wọ́n ń wá ìwọ̀n tó yẹ, àti bóyá ó tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ní ìkẹta, èèyàn á pọ̀, wọ́n á fi wé oògùn mìíràn tàbí wé òfìfo, ìyẹn ohun tó jọ oògùn àmọ́ tí kò sí oògùn nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣẹ́ kèké ẹni tó máa gba èwo. Ẹ̀yin ò ní mọ̀, ẹni tó ń fún yín lóògùn ò ní mọ̀. Òfìfo yìí ló máa ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, ó sì yẹ kó bà wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé bó bá jẹ́ òfìfo ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, ṣé mo ṣì lè máa lo mesalazine mi? Ọ̀pọ̀ ìwádìí á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ tún bi wọ́n pé bí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ láàárín rẹ̀, oògùn wo lẹ máa fi gbà mí, ta ló sì máa sanwó rẹ̀.

Kí ẹ má lérò pé àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n ń ṣe báyìí fún o. Òdìkejì ni. Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìwádìí ńlá lórí àrùn yìí, àwa dúdú ò tó nǹkan nínú wọn. Ní 1955, Truelove àti Witts ní Oxford tẹ èsì tiwọn jáde. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn cortisone, wọ́n fún àwọn yòókù ní òfìfo, wọ́n sì rí i pé àwọn tó gba cortisone ló sàn jù. Ẹbí cortisone yẹn ni prednisolone tí a ń gbé mì lónìí. Láti inú iṣẹ́ àwọn méjì yẹn náà la ti rí òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ̀ pé ó ti le. Bí ẹ bá ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, tí ibà tún mú yín tàbí tí àyà yín ń lù kìkì, ẹ má dúró de ìwádìí, ẹ má dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bó bá jẹ́ oògùn abẹ́rẹ́ irú infliximab ni, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ yín wò fún ikọ́ ife àti mẹ́dọ̀wú irú B. Méjèèjì wọ́pọ̀ níbí, oògùn yẹn sì lè ta èyí tó ń sùn nínú ara jí. Ẹni tí kò bá béèrè ìyẹn lọ́wọ́ yín, ẹ fura sí i.

Ìwé tí ẹ máa fọwọ́ sí kì í ṣe ìwé ìwọ̀fà. Ẹ lè kúrò lọ́jọ́ tó bá wù yín, wọn ò sì gbọdọ̀ torí ẹ̀ dá ìtọ́jú yín dúró. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń kópa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú owó fọ́ọ̀mù wá, ẹ sá. Ẹ sì sọ fún wọn pé Yorùbá lẹ fẹ́ kí wọ́n fi ṣàlàyé gbogbo ojú ewé 19 yẹn. Ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe ojúrere. Oorun ti dé.


Akẹ́kọ̀ọ́ Àkókà, ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán

Èmi ti kópa nínú èyí tí kò ní oògùn nínú. Ìgbẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi lóṣooṣù. Ẹ fojú inú wò ó, nínú BRT tó kún àkúnwọ́sílẹ̀, èmi àti kúlà kékeré lórí itan. Ìyá kan tó jókòó tì mí bi mí pé ṣé zobo ni, ó fẹ́ ra méjì. Mo ní ó ti tán.

Wọ́n ń fún mi lówó ọkọ̀. Ohun tí mo jẹ lérè ni pé wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀ kí èmi tó mọ̀, oògùn ayérọ́ọ̀nù ni mò ń lò báyìí. Ohun tí n kò fẹ́ràn: wọ́n parí ìwádìí, ẹnikẹ́ni ò pè mí sọ ohun tí wọ́n rí nínú ìgbẹ́ mi. Ẹ bi wọ́n ní ìyẹn o.

Kí n tó gbàgbé, Ìyá Káfáyá: kí wọ́n tó fún ọmọ yín ní prednisolone, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti yẹ ìgbẹ́ ẹ̀ wò fún amoeba. Àrùn méjèèjì jọra wọn, prednisolone á sì ba ti amoeba jẹ́ pátápátá.


Ọmọge Ọbáléńdé, ọjọ́ Ajé, 4:47 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti prednisolone tèmi. Oṣù kejì, ojú mi wú, ó rí roboto bí òṣùpá. Gbogbo àdúgbò ní mo ti rí já jẹ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó kan tiẹ̀ wá yá owó lọ́wọ́ mi! Inú bí mi, mo da oògùn náà nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kẹta n ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ní ara mi ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe tiẹ̀ fúnra rẹ̀, pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Azathioprine ni mò ń lò báyìí, oògùn tó ń dín agbára ẹ̀ṣọ́ ara kù. Ẹ̀yin tó bá wà lórí ẹ̀, tí ẹ fẹ́ rìnrìn àjò, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó lọ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, nítorí kòkòrò rẹ̀ kò kú tán nínú abẹ́rẹ́ yẹn.

Oúnjẹ: nígbà tó bá gbérí, ẹ̀kọ, ìrẹsì funfun, iṣu tí wọ́n tẹ̀, ata díẹ̀. Ẹ̀wà àti àgbàdo, rárá. Tó bá rọlẹ̀, mò ń jẹ gbogbo ẹ̀. Tiyín lè má rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ohun tí ẹ jẹ sí.


Ọmọ Alágbo (Ojúẹlẹ́gba), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 àárọ̀

Ìyá mi ń ta àgbo, àgbo ni wọ́n fi rán mi níléèwé, ẹ má bú wọn lójú mi. Ṣùgbọ́n òótọ́ nìyí: àgbo jẹ̀dí wà tí wọ́n fi ṣe kó lè ṣí ìdí ni, kí inú lè ṣàn. Ẹni tí inú rẹ̀ ti ń ṣàn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, kí ló tún fẹ́ ṣí? Àwọn mìíràn sì ń fi ògógóró rẹ ẹ́. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín fún ìyá mi. Wọ́n ní láti òní lọ, ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, àwọn á ní kó lọ sí ọsibítù. Ẹ bá mi kí wọn.

Ìyá Oníbàtà, ohun kan tí ẹ ó máa mu jálẹ̀ ìwádìí náà, bó ṣe ewé bó ṣe èèpo, ẹ sọ fún wọn. Ẹ má fi pamọ́.


Àbúrò Lọ́ńdọ̀nù (Súrúlérè), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:03 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi abẹ́rẹ́ adalimumab ránṣẹ́ sí mi nígbà kan. Inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ wà, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. NEPA mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́. Owó oṣù méjì ló dà nù nínú páálí kékeré. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ni tiyín, ẹ bi wọ́n pé ọ̀dọ̀ ta ló máa wà.


Ìyá Oníbàtà (Bàlógùn), ọjọ́bọ̀, 10:20 alẹ́

Mo ti ka gbogbo ẹ̀, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS3 ló jókòó ka ìwé náà sí wa létí, òun ń ka òyìnbó, ó ń túmọ̀ rẹ̀. Èmi, ọkọ mi, àti màmá. Trial ni, ìpele kẹta. Òfìfo wà níbẹ̀, mo sì lè máa lo mesalazine mi lọ. Nọ́ńbà ìgbìmọ̀ wà lójú ewé 16. Ikọ́ ife wà níbẹ̀, mẹ́dọ̀wú wà níbẹ̀.

Màmá ò sọ nǹkan kan títí ọmọ fi kà á tán. Wọ́n wá ní: "Bí oògùn náà bá bá a lára mu, tí ìwádìí wọn bá parí, ta ni yóò máa fún un?" Ọmọ mi padà sí ojú ewé kìíní, ó wá a títí. A ò rí i.


Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, ọjọ́bọ̀, 10:41 alẹ́

Ojú tì mí. Mo kọ gbogbo ìyẹn lọ́jọ́ Ajé, n ò rántí èyí. Ó wà nínú Ìkéde Helsinki tí àwọn dókítà àgbáyé fi ń ṣe òdiwọ̀n ìwádìí pé ó yẹ kí wọ́n ti ṣètò rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún ẹni tó ń kópa. Ẹ mú màmá dání lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.


Ọmọ Mushin, ọjọ́bọ̀, 10:58 alẹ́

Mo sọ fún yín! Màmá fún ààrẹ.


Ìyá Oníbàtà (Bàlógùn), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:35 alẹ́

A ti lọ, a ti dé. Màmá béèrè ìbéèrè wọn ní Yorùbá, dókítà náà wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì wo ìwé. Wọ́n lọ pe ẹnì kan lórí fóònù fún bí ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n padà wá, wọ́n ní àwọn máa rí oògùn náà fún ẹni tó bá bá lára mu lẹ́yìn ìwádìí. Màmá ní ó dáa, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kò tíì sí nínú ìwé, àwọn máa fi ránṣẹ́. Màmá ní kò burú, ìgbà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ la ó fọwọ́ sí i. Mi ò tíì fọwọ́ sí i o. Wọn ò bínú, wọ́n fún mi ní mesalazine mi bí wọ́n ṣe máa ń fún mi.

Bàbá Atẹ̀wé, ọkọ̀ ojú irin la bá lọ láti Mile 2. Inú mi yọ mí lẹ́nu díẹ̀, àmọ́ kó tó le, a ti dé Marina. Ojú fèrèsé ni màmá jókòó sí, wọ́n ń wo omi. Láti ìgbà tí a ti délé ni wọ́n ti ń bi mí pé ọjọ́ wo la tún ń lọ.